Ìwé Tí A Kà Sétí Àfáà Búráímọ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù Kejì ọdún 1991, ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù Àfáà Lámídì ní Òkè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo. Aago náà dá mi lójú, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi bá mi sọ. Wọ́n wo aago ara ògiri, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Aago mẹ́jọ la jọ sọ. Àwọn tó kọ ìwé tó wà nílẹ̀ yìí ti kú tipẹ́, wọ́n sì ti ń dúró dè wá láti àárọ̀. Ìwọ tí o wà láàyè lo pẹ́."

Mo ti gboyè nínú èdè Lárúbáwá ní yunifásítì nígbà náà, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀, mo sì ti wáṣẹ́ títí ó fi sú mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló mú mi lọ bá wọn. Owó tí mo ń gbà kò tó nǹkan nígbà náà. Nígbà tó yá, ó gbọ́ bùkátà. Ó tó bẹ́ẹ̀ lórí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro irú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe ni bí iṣẹ́ náà ṣe rí, àti ìdí tí mo fi ń yangàn pé òun ni mo fi ayé mi ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Kìtábù ni à ń tún ṣe. Àwọn ìwé Lárúbáwá tí àwọn àfáà ń kà ni mo ń pè bẹ́ẹ̀: ìtumọ̀ Kùránì, hádíìsì, òfin ìjọsìn àti ti káràkátà. Èyí tí ikán ti jẹ, tàbí tí omi ti bà jẹ́, ni wọ́n ń kó wá fún wa. À ń lẹ̀ ẹ́, à ń fi awọ tuntun bò ó. Bí ọ̀rọ̀ bá ti parẹ́ níbì kan, a ó wá ẹ̀dà ìwé kan náà lọ́dọ̀ àfáà mìíràn, a ó sì fi ọwọ́ da ibẹ̀ kọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ kọ láyé àtijọ́ ni kò ní ìránpọ̀ rárá. Ewé tákàdá ni, tí wọ́n tò léra wọn sínú àpò awọ, tí kò sì ní nọ́ńbà kankan. Ohun tó ń fi ọ̀nà hanni ni ọ̀rọ̀ kékeré kan tí akọ̀wé máa ń kọ sí ìsàlẹ̀ ewé. Ọ̀rọ̀ náà ni ewé tó kàn gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún àkọ́kọ́, ọ̀gá mi kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan kálámù ìkọ̀wé. Mo ń po lẹ́ẹ̀, mo ń se tàdáwà tí a fi ń kọ̀wé, mo ń gbá ilẹ̀, mo sì ń ṣe àlùwàlá kí n tó kan ìwé. Mo rò nígbà náà pé wọ́n kàn fẹ́ rẹ àgbéga yunifásítì sílẹ̀ lára mi ni. Bóyá ìyẹn wà níbẹ̀. N kò lè búra pé kò sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í dà kọ ní ọdún kejì, ọwọ́ mi ti mọ bí tákàdá ti le tó tàbí bí ó ti gbó tó, kí ojú mi tó rí i.

Òfin tó le jù lọ́dọ̀ wọn ni pé ìwé kankan kò gbọdọ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé a kà á síra. Èmi á mú ẹ̀dà tí mo kọ, àwọn á mú ìpilẹ̀ṣẹ̀, èmi á máa kà á sókè, àwọn á máa fi ojú bá mi lọ. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, a ó ṣe àdúà fún ẹni tó ṣe ìwé náà àti fún gbogbo ẹni tí ìwé náà ti gba ọwọ́ wọn kọjá. Bí mo bá rí ibi tí mo rò pé akọ̀wé àtijọ́ ṣe àṣìṣe, n kò gbọdọ̀ tún un ṣe. Etí ìwé ni kí n kọ iyèméjì mi sí. Mo jiyàn lórí èyí lọ́jọ́ kan, mo ní àṣìṣe tó hàn gbangba ni mo fẹ́ tún ṣe.

"Ó lè jẹ́ pé ìwọ lo tọ̀nà," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ kò sí níbí láti gbèjà ara rẹ̀. Kọ tìẹ sí etí, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn dá ẹjọ́ rẹ̀."

Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé lórí bí a ṣe ń ṣe ìwádìí, n kò sì tíì rí òfin tó mọ́ ju ìyẹn lọ. N kì í ṣe ẹni tí omijé máa ń tètè bọ́ lójú rẹ̀ nídìí ẹ̀sìn. Ìṣirò ni mo máa ń ṣe. Mo máa ń wo ìwé kan, mo máa ń rò ó pé láàárín èmi àti ẹni tó ṣe é, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà tí wọn kò mọ̀ mí, tí wọn kò sì mọ Òṣogbo, tí olúkúlùkù wọn jókòó láti rí i dájú pé ọ̀rọ̀ tí òun gbà ni òun fún ẹlòmíràn. Mo wá rí i pé irú ìjọsìn kan nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó forí kanlẹ̀ níbẹ̀.

Nǹkan bí ọdún 1993 ni ẹ̀rọ fọtokọ́pì dé ìtòsí wa. Àwọn ènìyàn rò pé ọ̀gá mi máa bínú sí i. Ọ̀gá mi wọ aṣọ, wọ́n lọ wò ó, wọ́n mú ewé kan dání. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n ní ó yá ju wa lọ, ìṣòro rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó ń da àbàwọ́n kọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Ìdọ̀tí eṣinṣin lè di àmì lábẹ́ lẹ́tà, kí ọ̀rọ̀ sì yí padà. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń lò ó, ṣùgbọ́n a kì í fi kíkà síra sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀ inú ike rọ́pò lẹ́ẹ̀ tí mo ń pò, inú mi sì dùn, nítorí ikán fẹ́ràn lẹ́ẹ̀ mi ju bí mo ṣe fẹ́ràn láti pò ó lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún 1996 ni jàǹbá tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀. Ìjì ká òrùlé ilé Àfáà Búráímọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, òjò sì wọ inú yàrá tí ìwé wọn wà. Àfáà Búráímọ̀ ti darúgbó gan-an, ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Àwọn ló ń darí ìjókòó ọjọ́ Sátidé ní mọ́ṣáláṣí wọn, níbi tí àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò ti ń gbọ́ ìwé òfin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìwé yẹn gan-an ni òjò pa. Ìdílé wọn sọ pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. N kò rí ẹ̀rí ìyẹn. Ohun tí mo lè sọ ni pé tákàdá rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí mo ti rí lọ́jà rí.

Sùlé ọmọ wọn ló gbé e wá, nínú báfù, tí wọ́n fi ìró bò ó. Tíṣà ni Sùlé, kò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà jù mí lọ. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, Ìyá Dúpẹ́, bá a wá. Ọkọ Mẹ́tọ́díìsì ni màmá yìí fẹ́, wọ́n sì ti di ẹni ńlá nínú ìjọ wọn. Síbẹ̀, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ dé yàrá ẹ̀gbọ́n wọn nígbà tí òjò dá. Wọ́n ṣa ewé kọ̀ọ̀kan nílẹ̀, wọ́n tẹ́ wọn sórí ibùsùn ara wọn, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó wọn sínú oòrùn, nítorí oòrùn ti ká ìwé orin wọn kò rí.

"Àfáà, ẹ má bínú o," ni wọ́n sọ fún ọ̀gá mi. "Bí Bíbélì ni mo ṣe tò ó. Ìgbà tí mo tò ó tán ni Sùlé ní ẹ̀yìn ni tiyín ti ń bẹ̀rẹ̀."

"Ìyá, kò séwu. Ẹ ti bá wa gbẹ ẹ́. Ẹ̀yìn náà la máa ti bẹ̀rẹ̀."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yin ìmàle le."

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi yọ gíláàsì ojú wọn nù. Ṣùgbọ́n Sùlé kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé ohun tó wà nílẹ̀. Láàárín àwọn àfáà, ẹnikẹ́ni lè ra ìwé kó kà á. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó fi ìwé kọ́ni ní ìjókòó, ó yẹ kó ti kà á sétí tàbí kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́yìn títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe ìwé náà. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ á fún un ní àṣẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní ìjásà. Gbogbo àwọn tí wọ́n ti gba àṣẹ ìwé yìí lọ́wọ́ Àfáà Búráímọ̀ ti kú, tàbí wọ́n ti kó lọ sí ìlú tí a kò mọ̀. Sùlé fúnra rẹ̀ ti gbọ́ díẹ̀ lọ́mọdé, kò gbọ́ ọ tán. Bí bàbá rẹ̀ bá kú kí a tó ka ìwé náà tán sí wọn létí, ìjókòó tí wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti wà ní ọ̀dọ́ máa tú ká.

"Ara wọn kò le," ni Sùlé wí. "Ẹ bá mi ṣe é kíá."

Ọ̀gá mi ní kò sí kíá nínú ìwé tútù. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, wọ́n ti ìwé gbogbo ẹlòmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́. A fi ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ewé to ìwé náà padà. Níbi tí omi ti fọ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ lọ, ìtumọ̀ la fi ń wá èyí tó kàn, a sì ń jiyàn lórí rẹ̀. Ewé mélòó kan ti di funfun. A rí ẹ̀dà ìwé náà yá ní Ìwó, mo da àwọn ewé náà kọ pẹ̀lú tàdáwà pupa, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé akọ̀wé àkọ́kọ́ ló kọ wọ́n. A kà á síra lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí iṣẹ́ tí mo ṣe láyé mi tí mo fi yangàn tó ìyẹn. Ìgbà tí a fi ṣe é tán, oṣù Ràmàdánì ti ń súnmọ́.

Èmi àti ọ̀gá mi la gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Àfáà Búráímọ̀ na ọwọ́, wọ́n fọwọ́ pa awọ tuntun náà, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. "Ùwé" ni wọ́n ń pe ìwé, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pè é. Ìyókù ọ̀rọ̀ wọn ni mo ń kọ bí a ṣe ń kọ ọ́ ní Òṣogbo. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀. Ohùn mi ni wọ́n yàn nítorí pé ó lọ sókè, etí wọn náà kò sì mú mọ́. Sùlé jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọ̀gá mi jókòó lẹ́yìn, Ìyá Dúpẹ́ sì ń gbé omi wọlé, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ ò tíì parí ẹ̀ ni? Páùlù mímọ́ pàápàá kò kọ̀wé tó báyìí."

Òpin ọ̀sẹ̀ ni à ń lọ. Àfáà Búráímọ̀ á dùbúlẹ̀, wọ́n á di ojú, èèyàn á rò pé wọ́n ti sùn. Bí mo bá ti fo ọ̀rọ̀ kan, ìka wọn á gbéra. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Ìka náà á dúró sókè títí màá fi rí àṣìṣe mi fúnra mi. Lọ́nà yìí ni a fi ka orí ìwẹ̀nùmọ́, orí ìrun, orí sàká, tí a fi dé orí káràkátà. Ara wọn ń rẹ̀ sí i ní gbogbo ìgbà tí a bá padà lọ. Sùlé ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ewé tó kù.

Nígbà tí a dé orí tó sọ̀rọ̀ nípa títa irè oko tó ṣì wà lórí igi, mo ka àkọlé rẹ̀, ìka wọn sì gbéra. Mo wo àkọlé náà, mo tún un kà. Ìka kò sọ̀kalẹ̀.

"Fò ó," ni wọ́n wí. "Ka orí tó tẹ̀lé e."

Sùlé rò pé ó ti rẹ̀ wọ́n ni. Ó ní kí wọ́n sinmi, a ó kà á lọ́la.

"Kò rẹ̀ mí. N kò gbọ́ ibẹ̀ ni."

Wọ́n wá rọra ṣàlàyé. Nígbà tí wọ́n ń kàwé lọ́dọ̀ olùkọ́ wọn ní Ìwó, bàbá wọn ránṣẹ́ pè wọ́n wálé kí wọ́n wá bá àwọn fọ́ kòkó, nítorí pé kòkó ọdún náà pọ̀. Ìgbà tí wọ́n fi padà, olùkọ́ ti kọjá orí yẹn. Ojú tì wọ́n láti ní kí àgbàlagbà padà sẹ́yìn nítorí àwọn. Nígbà tí wọ́n fi máa ní ìgboyà, olùkọ́ ti kú. Ewé mẹ́sàn-án ni orí náà.

Ọ̀rọ̀ yìí le ju bí ó ṣe lè rí létí ẹlòmíràn lọ. Ìlú kòkó ni Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Nínú gbogbo ìwé náà, ibi tí àwọn àgbẹ̀ máa ń béèrè jù nìyẹn, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló ti ta kòkó wọn kó tó pọ́n. Sùlé sọ fún mi lẹ́yìn náà pé gbogbo ìgbà tí ìjókòó bá ti dé orí náà ni bàbá rẹ̀ máa ń ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè lọ bá àwọn àfáà Òṣogbo. Gbogbo wọn rò pé ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún Òṣogbo.

"Bàbá," ni Sùlé wí, "ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ ti kà á lójú ara yín."

"Mo ti kà á lọ́pọ̀ ìgbà. Wọn kò béèrè bóyá mo kà á. Ta ni mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ohun tí wọ́n ń béèrè nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ kó kàn kà á. Ẹ má sọ nǹkan kan. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi náà mọ̀. Àbí mi ò tó ẹnì kan ni?"

Sùlé yíjú sí ọ̀gá mi kí wọ́n bá òun sọ̀rọ̀. Ọ̀gá mi béèrè bóyá ẹlẹgbẹ́ wọn kan nílé kéú kà á fún wọn nígbà náà, nítorí pé a lè ka ìyẹn náà sí gbígbọ́. Àfáà Búráímọ̀ ní rárá, àwọn kàn yá ìwé ẹlẹgbẹ́ àwọn wò ni. Ọ̀gá mi wá ní, "Àfáà, kí Ọlọ́hun gbà á lọ́wọ́ yín." Sùlé dìde, ó jáde síta. Ó pẹ́ kó tó wọlé padà. Nígbà tó jókòó, kò wo ẹnikẹ́ni lójú, ó kàn fi ọwọ́ hàn mí pé kí n máa kà lọ.

Mo fo ewé mẹ́sàn-án náà. A ka ìyókù títí dé òpin ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Àfáà Búráímọ̀ ní kí wọ́n gbé àwọn jókòó, wọ́n sì fún èmi àti Sùlé ní àṣẹ lójú ọ̀gá mi: ohun gbogbo tí àwọn gbọ́, àyàfi orí kan yẹn. Wọ́n ní kí n kọ "àyàfi" náà sílẹ̀, kí n sì kà á fún àwọn kí wọ́n lè mọ̀ pé mo kọ ọ́. Mo kọ ọ́, mo kà á. Wọ́n kú nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e. N kò sí níbẹ̀. Àwọn ènìyàn sọ pé ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn, mo sì gbàdúà pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ní ìparí àwọn ọdún 1990 ni kọ̀ǹpútà dé. Mo kọ́ ọ, mo sì ń fi tẹ Lárúbáwá nígbà tí ọ̀gá mi fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi. Èmi náà ti fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn báyìí. Bí ẹ bá bi mí bóyá iṣẹ́ náà ṣì wà fún ẹ̀yin ọ̀dọ́, màá ní lílẹ̀ àti dídà kọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kíkà síra ṣì wà, ó sì ń wá ènìyàn. Èyí tó dá mi lójú nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún yín kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. Ní ọjọ́ Sátidé kan ní ọdún 1998, mo lọ sí ìjókòó Sùlé ní mọ́ṣáláṣí wọn. Àwọn ènìyàn pọ̀, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbẹ̀. Ọjọ́ náà ni ìwé dé orí irè oko tó ṣì wà lórí igi. Kí Sùlé tó ṣí i, bàbá kan láti apá Iwaraja ti na ọwọ́, ó ní òun ti gbowó kòkó òun sílẹ̀, òun fẹ́ mọ̀ bóyá ó dára. Ó ní ìdí tí òun ṣe wá nìyẹn.

Ìwé náà wà lórí itan Sùlé. Nínú gbogbo wa tó wà níbẹ̀, èmi àti Sùlé nìkan ló mọ̀ nípa ewé mẹ́sàn-án náà. Sùlé yíjú sí bàbá náà.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́," ló wí. "Bàbá mi kò gbọ́ ibí yìí lẹ́nu olùkọ́ wọn, èmi náà kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. N kò lè jókòó síbí kí n fi kọ́ yín."

Bàbá náà ní, "Kò burú." Sùlé kó ewé mẹ́sàn-án náà pọ̀, ó ṣí wọn kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí tó tẹ̀lé e.